Nichelle Nichols: Òṣèré Tí Ó Sọ Àyè Kékeré Di Ńlá

Nínú eré ṣíṣe, olórí eré ni gbogbo ayé máa ń mọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ọba tàbí akọni ni a ń kí, àwòrán tirẹ̀ ni a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an lọ, kì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbà sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ìtàn Nichelle Nichols, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ti ipa tẹlifíṣọ̀n di olókìkí, fi òtítọ́ òwe yìí hàn. Nínú eré tí ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde, òun kọ́ ni olórí, òun kọ́ sì ni igbá-kejì olórí. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tí a fi sí i lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní ọdún 2022, kì í ṣe àwọn òṣèré nìkan ni ó dárò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ NASA, tí ń rán ènìyàn lọ sí gbalasa òfurufú, dárò rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dúpẹ́ iṣẹ́ tí ó ṣe. Báwo ni ẹni tí a fún ní irú àyè kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe di ẹni tí a kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn iṣẹ́ ńlá? Ìdáhùn ìbéèrè yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta: irú àyè tí àyè náà jẹ́, bí obìnrin náà ti dúró sí i, àti ohun tí ó fi í ṣe lẹ́yìn tí eré ti tán.

Ìlú tí ó bí i

Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1932 ni a bí obìnrin yìí ní Robbins, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Chicago ní ìpínlẹ̀ Illinois. Robbins kì í ṣe ìlú olówó, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà náà kò ní: àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ń ṣe àkóso ìlú náà fúnra wọn láti ìgbà tí a ti fi òfin dá a sílẹ̀ ní ọdún 1917. Baba ọmọ náà, Samuel Earl Nichols, jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ará ìlú sì dìbò fún un ní ọdún 1929 láti jẹ́ olórí ìlú. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí èyí. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kò lè sún mọ́ àpótí ìbò láìfòyà, a bí ọmọ yìí sí ilé ọkùnrin dúdú tí ó ti jókòó rí lórí àga olórí ìlú. Kí aláwọ̀ dúdú wà ní ipò àṣẹ kì í ṣe àlá lójú rẹ̀; ohun tí ó bá nílé ni.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn òbí rẹ̀ wo ilé tiwọn, wọ́n sọ ọ́ ní Grace Dell. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ràn orúkọ yìí, nígbà tí ó sì yá, ó mú Nichelle ní orúkọ, èyí tí ó bá Nichols tí í ṣe orúkọ ìdílé baba rẹ̀ mu létí. Ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Chicago, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ijó àti orin. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún dáadáa tí ó fi wọ iṣẹ́ náà. Ó bá ẹgbẹ́ olórin Duke Ellington ṣiṣẹ́, ó sì bá ti Lionel Hampton ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì yìí sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jùlọ nínú orin jáàsì. Ó lọ́kọ ní ọdún 1951, ó sì bí ọmọkùnrin kan, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó di ìyá ọ̀dọ́ tí ó ń ti ìlú kan dé ìlú kejì nítorí oúnjẹ òòjọ́.

Ní ọdún 1959, ó wà lára àwọn oníjó inú fíìmù Porgy and Bess. Ní ọdún 1961, ó kópa nínú Kicks and Co., eré olórin tí Oscar Brown Jr. kọ, tí a ṣe ní Chicago. Eré náà kò pẹ́ lórí ìtàgé kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wò ó rí i pé obìnrin náà mọ iṣẹ́. Orin, ijó àti eré, ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí kò sí ni àyè tí yóò lò wọ́n sí.

Bí tẹlifíṣọ̀n ti rí kí ó tó dé

Kí a tó lè mọ ìwọ̀n ohun tí ó ṣe, ó tọ́ kí a wo bí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ti ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú kí ó tó dé ibẹ̀. Láti ọdún 1950 ni a ti ń ṣe eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beulah. Obìnrin dúdú ni olórí eré náà, àwọn akọni òṣèré mẹ́ta, Ethel Waters, Hattie McDaniel àti Louise Beavers, ni ó sì ṣe é ní àṣetẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ni Beulah? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tí ó ń se oúnjẹ, tí ó sì ń tún ilé ṣe fún ìdílé aláwọ̀ funfun. Eré kejì ni Amos 'n' Andy, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, fi ẹ̀hónú hàn nítorí pé a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀ bí òmùgọ̀ àti oníjìbìtì. Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ NBC fún Nat King Cole, olórin olóhùn iyọ̀, ní ètò tirẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ olórin wá bá a kọrin níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ètò aláwọ̀ dúdú. Kí ọdún 1957 tó parí, ètò náà ti tán.

Láti inú èyí, a rí i pé kì í ṣe pé aláwọ̀ dúdú kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Wọ́n wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni a gbà mú wọn wọlé. Ọmọ dúdú tí ó bá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà ní alẹ́ yóò rí ìyá tí ń fọ abọ́ àti ọkùnrin tí a ń fi ṣẹ̀rín. Kò ní rí ẹnì kan tí ó jọ ọ́ tí a fi iṣẹ́ olóye lé lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gene Roddenberry ni ó kọ́kọ́ fún Nichols ní iṣẹ́ gidi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń ṣe eré àwọn ọmọ ogun kan, The Lieutenant, ó sì fi Nichols sínú apá kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìkórìíra láàárín ọmọ ogun dúdú àti funfun. Apá náà kò ní oríire. NBC kọ̀ láti gbé e sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n Roddenberry kò gbàgbé òṣèré náà.

Orúkọ tí ó ti Áfíríkà wá

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, NBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré àtìgbàdégbà titun kan hàn. Star Trek ni a pè é. Roddenberry ni ó pilẹ̀ rẹ̀. Desilu, ilé-iṣẹ́ tí gbajúmọ̀ òṣèré obìnrin Lucille Ball ń darí, ni ó sì ṣe é. Ìtàn náà dá lórí ọkọ̀ ńlá kan, Enterprise, tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí ìgbà tí a ṣe eré náà. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà wá láti ibi gbogbo: ará Amẹ́ríkà ni ọ̀gá ọkọ̀, igbá-kejì rẹ̀ jẹ́ ọmọ ayé mìíràn, ẹni tí ó tan mọ́ Japan wà níbẹ̀, ará Scotland ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ, a sì fi ọmọ Rọ́ṣíà kún wọn ní ọdún kejì. Láàárín wọn ni obìnrin dúdú kan jókòó, ọ̀gá ọmọ ogun tí ó ní oyè Lieutenant. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa gba ìpè tí ó bá wọlé láti òde, kí ó sì máa fi ìdáhùn ránṣẹ́. Uhura ni orúkọ rẹ̀.

Orúkọ yìí yẹ fún àròjinlẹ̀ àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Áfíríkà. Ní ọjọ́ tí Nichols lọ fún àyẹ̀wò, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ, ìwé kan tí Robert Ruark kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Uhuru ni àkọlé ìwé náà. Ọ̀rọ̀ Swahili ni uhuru, òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti fa orúkọ Uhura yọ. Kí a rántí ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, Tanganyika gbà á ní 1961, Kẹ́ńyà gbà á ní 1963. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, uhuru ni igbe tí àwọn ènìyàn ń ké ní ojú pópó. Igbe tí ó ti ẹnu àwọn òǹjà-fún-òmìnira jáde ni a sọ di orúkọ obìnrin nínú eré tí a ń wò ní Amẹ́ríkà. Nínú apá tí a kọ́kọ́ fi han gbogbo ènìyàn pàápàá, ìwin kan tí ó lè yí ara padà gba àwọ̀ ọkùnrin dúdú láti tan Uhura jẹ, èdè Swahili ni ó sì fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wo tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ni wọ́n ti gbọ́ èdè Áfíríkà kan rí láti ẹnu ẹni tí kì í ṣe ẹni ẹ̀sín.

Bí orúkọ bá ń ro ènìyàn, tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá láti rò ó. Òmìnira ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fi í sí. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé eré a máa fún un ní ọ̀rọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ tí a ya eré náà, wọn a ti gé e kù. Nínú ọ̀pọ̀ apá, kí ó sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé ọ̀nà ìpè ti ṣí ni gbogbo ohun tí ó kù fún un. Lóòótọ́, ó rí àyè kọrin nínú apá mélòó kan, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Beyond Uhura, tí ó jáde ní ọdún 1994, ó sọ pé kì í ṣe ìwé àdéhùn kan náà ni òun àti àwọn òṣèré yòókù ní, àti pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn òǹwòran kọ sí òun ni kò dé ọwọ́ òun nígbà náà.

Ìdúró tí ó dúró

Nígbà tí ọdún kìíní eré náà parí ní 1967, ó ti sú Nichols. Ìtàgé ni ó ti wá, ìtàgé Broadway ní New York ni ó sì wù ú láti padà sí. Ó sọ fún Roddenberry pé òun ń lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ronú sí i títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ohun tí ó tẹ̀lé èyí, ẹnu Nichols ni a ti gbọ́ ọ, òun ni ó sì ń sọ ọ́ káàkiri títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó lọ sí àpèjẹ kan tí ẹgbẹ́ NAACP ṣe. Ẹnì kan wá bá a pé ẹnì kan tí ó fẹ́ràn eré náà gidigidi fẹ́ rí i. Ó gbé ojú sókè, ta ni ó rí? Martin Luther King Jr. ni. King sọ fún un pé eré náà ni òun àti ìyàwó òun máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn dúró wò ní alẹ́. Nichols dúpẹ́, ó sì sọ fún un pé òun ti ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ojú King yí padà. Ó ní kò gbọdọ̀ lọ.

Ìdí tí King rò fún un ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ pé Uhura ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé owó iṣẹ́ náà dára. Ohun tí ó sọ ni pé ipò Uhura kì í ṣe ipò tí a dá fún aláwọ̀ dúdú, àti pé ẹnikẹ́ni ni a lè fi rọ́pò rẹ̀ bí ó bá dìde. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń rí aláwọ̀ dúdú bí ó ti yẹ kí a rí i, ọlọ́gbọ́n tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, jíjókòó rẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Nichols ronú, ó padà sọ́dọ̀ Roddenberry, ó sì ní òun yóò dúró. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn tí ọdún kejì eré náà bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968, tí a yìnbọn pa King ní Memphis.

Ẹnì kan lè sọ pé ó rọrùn fún ẹni tí kò jókòó síbẹ̀ láti sọ fún ẹni tí ó jókòó pé kí ó má dìde. Ìyẹn kò ṣàì ní òtítọ́ nínú. Nichols tìkára rẹ̀ ni ó gbé ẹrù náà. Òun ni ó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti rí i pé a ti tún gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Dídúró rẹ̀ kò mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ka ìdúró yìí sí ohun tí ó wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtàgé tí ó fi sílẹ̀ ni iye tí ó san.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1968 ni apá tí a ń pè ní "Plato's Stepchildren" jáde, nínú èyí tí Uhura àti ọ̀gá ọkọ̀ náà, tí William Shatner ṣe, fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ọdún kan péré ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé àwọn òfin tí kò jẹ́ kí dúdú àti funfun fẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ ọ́ pé èyí ni ìfẹnukonu àkọ́kọ́ láàárín dúdú àti funfun lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì yẹ kí a rántí pé nínú ìtàn náà, kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é: àwọn alágbára kan ni ó fi agbára ọkàn wọn tì wọ́n sí i. Àwọn tí ó kọ eré náà fẹ́ là á kọjá, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn.

Láti àwòrán sí òtítọ́

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, Star Trek kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti apá 79. Ìgbà tí ó kú tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kéékèèké káàkiri bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1973, a fi àwòrán yíyà ṣe é, Nichols sì wá fún Uhura ní ohùn. Níbẹ̀, nínú apá kan, Uhura gba àṣẹ ọkọ̀ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, ohun tí a kò jẹ́ kí ó ṣe rí nígbà tí ó jẹ́ ènìyàn gidi ni a ń wò. Láti ọdún 1979 títí di 1991, ó wà nínú fíìmù mẹ́fà tí a ṣe láti inú ìtàn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ, ìtàn òṣèré tí ó ṣe oríire ni à bá kọ nípa rẹ̀, kì bá sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ òṣèré.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975, níbi ìpàdé àwọn olólùfẹ́ eré náà ní Chicago, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Jesco von Puttkamer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti NASA, lórí ìrìn-àjò sí òfurufú. Ohun tí ó gbọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì bí i ní ìbéèrè kan: níbo ni àwọn ènìyàn tèmi wà nínú gbogbo èyí? Ìbéèrè náà tọ́. Títí di àkókò yẹn, NASA kò tíì rán obìnrin kankan tàbí aláwọ̀ dúdú kankan lọ sí òfurufú. Nínú eré, obìnrin dúdú ti jókòó sínú ọkọ̀ náà láti ọdún 1966. Nínú ayé gidi, kò tíì sí ẹni tí ó pè é wá wọ̀ ọ́. Nichols kò dákẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú àwọn aláṣẹ, nígbà tí ó sì di ọdún 1977, NASA gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: ṣé yóò bá wọn wá àwọn tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, dúdú àti pupa, kí wọ́n wá kọ orúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ titun tí NASA ń kàn?

Ó gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú májẹ̀mú kan. Ó kìlọ̀ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, pé bí òun bá mú àwọn ènìyàn tí ó yẹ wá, tí wọ́n sì tún padà lọ mú kìkì ọkùnrin funfun bí ti àtẹ̀yìnwá, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tú àṣírí wọn fún gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́nà. Ó dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ NASA nínú fíìmù kékeré tí ó fi ń pe àwọn ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ń rí i nínú ọkọ̀ náà láti kékeré. Ẹni tí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó wá bá wọn, wọn ì bá ṣiyèméjì. Uhura ni ó wá, wọ́n sì gbọ́.

Àwọn tí ó kọ orúkọ sílẹ̀ lé ní 8,000. Ní oṣù Kìíní ọdún 1978, NASA kéde àwọn 35 tí ó yàn. Obìnrin mẹ́fà wà nínú wọn: Sally Ride, Judith Resnik, Kathryn Sullivan, Anna Fisher, Rhea Seddon àti Shannon Lucid. Ọkùnrin dúdú mẹ́ta wà nínú wọn: Guion Bluford, Frederick Gregory àti Ronald McNair. Ellison Onizuka, ọmọ Hawaii tí ìran rẹ̀ ti Japan wá, wà nínú wọn pẹ̀lú. A kò gbọdọ̀ sọ pé Nichols nìkan ni ó ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1964 ti là ọ̀nà, NASA fúnra rẹ̀ sì ti fẹ́ yí padà, àwọn tí a yàn sì fi ọpọlọ ara wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé a ti ṣí i, kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn títì. Iṣẹ́ Nichols ni láti sọ fún àwọn tí ó wà lóde pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1983, Sally Ride di obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó dé òfurufú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Bluford di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tí ó dé ibẹ̀; ẹnì kan ṣoṣo nínú ìran Áfíríkà ni ó ti ṣáájú rẹ̀, èyíinì ni Arnaldo Tamayo Méndez, ọmọ Kúbà, tí ó bá ọkọ̀ àwọn ará Soviet lọ ní ọdún 1980. Ọ̀nà náà kò ṣàì ní ẹ̀gún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger fọ́ yángá lójú sánmà nígbà tí kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí ó gbéra, àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì ṣègbé. Resnik, McNair àti Onizuka, tí wọ́n wá láti inú ẹgbẹ́ 1978, wà nínú wọn. Ohun tí a pe àwọn ènìyàn sí kì í ṣe eré mọ́.

Àwọn tí ó wò ó

Yàtọ̀ sí àwọn tí Nichols tọ̀ lọ, àwọn kan wà tí kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń wo òun. Mae Jemison jẹ́ ọmọdé ní Chicago nígbà tí Star Trek ń jáde. Ó di dókítà, ó ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Liberia àti Sierra Leone, NASA sì yàn án ní ọdún 1987. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, nínú ọkọ̀ Endeavour, ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé òfurufú. Ó mú ère ẹgbẹ́ Bundu ti àwọn obìnrin Sierra Leone dání lọ, a sì máa fi gbólóhùn Uhura nípa ọ̀nà ìpè tí ó ti ṣí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Gbólóhùn náà gan-an tí ó sú Nichols ní ọdún 1967, tí ó kà sí àmì pé a ti fi òun há igun, ni obìnrin dúdú kan sọ láàárín ìràwọ̀ ní ọdún 1992. Whoopi Goldberg pẹ̀lú, òṣèré ńlá, ti sọ pé nígbà tí òun rí Uhura ní kékeré, òun sáré pe àwọn ará ilé pé obìnrin dúdú kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí ó di olókìkí, òun tìkára rẹ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ kí a fi òun sínú Star Trek titun, ó sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1988.

Nichols dàgbà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú díẹ̀ ní ọdún 2015, síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ó wọ ọkọ̀ òfurufú SOFIA, èyí tí NASA fi ń gbé awò ńlá lọ wo ìràwọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni àrùn ìgbàgbé mú un. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ní Silver City, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní ẹni ọdún 89. Òkúta ńlá kan tí ń yí oòrùn po lójú ọ̀run ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Nichols. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2024, a gbé díẹ̀ nínú eérú òkú rẹ̀ lọ sójú ọ̀run nínú ọkọ̀ tí a tì kọjá òṣùpá, pé kí ó máa yí oòrùn po.

Nínú ìtàn yìí, a rí i pé iye ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu òṣèré kọ́ ni a fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó jókòó sí, ẹni tí ń wò ó, àti ohun tí ẹni náà kò tíì rí rí kí ó tó rí i, gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí a kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wíwà lójú àwòrán kò tó fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Nichols dúró lórí àwòrán nìkan, ọmọ dúdú ì bá máa wo Uhura, ì bá sì máa rò pé inú eré nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé ó gbé àwòrán náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ, ó sì bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọn yóò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn eré ṣíṣe, tí ó sì ń ka àwọn olórí eré nìkan, kò ní rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kí ó wo igun ìtàgé pẹ̀lú.